Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Fi Ara Ọ̀gá Wọ̀n

Ẹ jókòó dáadáa kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ yìí lọ, nítorí ẹni tó bá dúró gbọ́ ọ lè ṣubú nígbà tí ẹ̀rín bá dé, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá fẹjọ́ mi sùn pé èmi ni mo ṣe é léṣe. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ni. Òun ni ọ̀gá àgbà ní ọ́fíìsì tó ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ìjọba. Òpó ni àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń pè é, wọ́n ní bí kò bá sí òun, òrùlé ìjọba á wó lé gbogbo wa lórí. Òpó gba èyí gbọ́. Ó tilẹ̀ ní kí wọ́n kọ orúkọ náà sára ife tó fi ń mu omi.

Òpó kúrú. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé kíkúrú ni mo fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́yà. Ẹni tó dá gígùn náà ló dá kúkúrú, kò sì sí ẹni tó yan èyí tó wù ú. Ẹ̀sùn tí mo fi kan Òpó ni pé kò mọ̀. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó ń wọ ṣòkòtò lójoojúmọ́, tí télọ̀ ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà fún, kò mọ̀ pé òun kúrú. Ẹ máa ní báwo ni ìyẹn ṣe lè ṣẹlẹ̀. Ẹ ṣe sùúrù, ibẹ̀ ni mò ń lọ.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Òpó wọ ọ́fíìsì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá, igbákejì rẹ̀ wọlé wá kí i. Igbákejì yìí ga débi pé tó bá ń kọjá lábẹ́ fáànù, ó máa ń yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó ṣe fẹ́ la ẹnu, bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un. Ìsàlẹ̀ níbẹ̀ ló ti gbójú sókè, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Inú Òpó dùn, ó dùn dé etí. Kò sí àgbàlagbà tó ti wò ó láti ìsàlẹ̀ báyẹn rí. Ó na ọwọ́, ó fi gbá igbákejì lórí pẹ́pẹ́, ó ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀, dìde, má yọ ara ẹ lẹ́nu. O ní ẹ̀kọ́ ilé. Ṣé wọ́n ti fún ẹ ní mọ́tò?" Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ti wà lápò igbákejì.

Àwọn ará ọ́fíìsì kì í ṣe òmùgọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ńṣe ni bírò ń já bọ́ káàkiri bí èso tó pọ́n. Akọ̀wé ju tiẹ̀, awakọ̀ tí kì í lo bírò lọ yá ọ̀kan kó lè rí nǹkan jù. Nígbà tó yá, wọ́n pa bírò tì, wọ́n kàn ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láìwá nǹkan kan. Àwọn obìnrin ń bọ́ bàtà gogoro sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn tó ga ń tẹ orúnkún rìn, tí ẹ bá rí wọn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ máa rò pé wọ́n ń wá ojúlówó góòlù nílẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà gé ẹsẹ̀ àga àwọn àlejò kúrú, ó sì fi èyí tó gé náà tún àga Òpó gbé sókè. Àga yẹn wá ga débi pé ẹsẹ̀ Òpó ń mì dirodiro lórí rẹ̀ bíi ti ọmọ tí wọ́n gbé ka orí fẹ́ńsì. Wọ́n bá wá àpótí kan sísàlẹ̀ kó lè máa rí nǹkan gbé e lé. Nígbà tí ọdún díẹ̀ fi máa kọjá, kò sí ẹni tó ga ju èjìká Òpó lọ nínú ilé náà. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí lẹ máa rò nípa ara yín? Òpó rò ó, ó sì dá a lójú pé òun ga.

Ìgbà náà ni Mínísítà pàṣẹ pé kí wọ́n kọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tuntun káàkiri, kí gbogbo wọn sì jẹ́ oríṣi kan náà. Kí Òpó sọ bí kíláàsì á ṣe fẹ̀ tó, bí àjà á ṣe ga tó, bí ilẹ̀kùn á ṣe rí. Ohun tí Òpó bá sọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa kọ́ ọ níbi gbogbo.

Ọmọbìnrin kan wà ní ọ́fíìsì náà, ayàwòrán-ilé ni, kò tíì pẹ́ níbi iṣẹ́. Òun ló yàwòrán náà. Ó ya kíláàsì tó gba ogójì ọmọ, tíṣà á sì tún rí ọ̀nà gbà kọjá láàárín àga wọn. Ó fi fèrèsé ńláńlá sí ọ̀tún àti òsì kí atẹ́gùn lè máa gba inú kọjá. Ó tẹ́ àwòrán náà sórí tábìlì Òpó, ó sì dúró ṣánṣán, nítorí kò tíì sí ẹni tó kọ́ ọ.

Òpó wo àwòrán náà títí. Ó ní, "Ta ló ni ilẹ̀kùn yìí?"

"Ilẹ̀kùn kíláàsì ni, sà."

"Mo rí i pé kíláàsì ni. Mo ní ta lẹ fẹ́ kó gba ibẹ̀ kọjá? Ṣé erin ni ẹ fẹ́ máa dà wọlé láti wá kọ́ ìṣirò?"

Gbogbo àwọn tó wà nílẹ̀ rẹ́rìn-ín láti ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n wà. Ọmọbìnrin náà ní, "Sà, bí àgbàlagbà ṣe ga ni mo fi—" Igbákejì gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, ó sì rọra tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ bí ẹni ń pa dúróà dé. Ìsàlẹ̀ yẹn ló ti parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ọ.

Òpó sọ̀ kalẹ̀ lórí àga rẹ̀, ó kọ́kọ́ gba orí àpótí kó tó kan ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibi tí gbogbo ayé ti ń ṣì í nìyí. Wọ́n á ní àgbàlagbà, àgbàlagbà. Àgbàlagbà wo? Ta ló rí i? Ilé ẹ̀kọ́ tí a fi àgbàlagbà tí a kò mọ̀ kọ́, ṣé ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn? Ẹ̀mí mi sọ fún mi pé kí a wá àgbàlagbà kan tó dá wa lójú, tí kò ga jù, tí kò kúrú jù. Mo ti wo gbogbo yín láti òkè dé ilẹ̀. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n gbogbo yín lẹ kúrú. Ó ku èmi nìkan. Ẹ mú téépù wá."

Ẹ wò ó, mo ti rí ìwúyè, mo ti rí ìsìnkú, ṣùgbọ́n ètò tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n wọn Òpó kọjá gbogbo ìyẹn. Wọ́n kó gbogbo òṣìṣẹ́ sí gbọ̀ngàn. Òpó fẹ̀yìn ti ògiri, ó wọ bàtà, ó dé fìlà, ó ní bí òun ṣe máa ń wọlé nìyẹn. Wọ́n fi pẹ́ńsù fa ìlà sókè fìlà náà, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ìlà. Igbákejì sọ̀rọ̀ níbi tó lóṣòó sí, ó ní láti òní lọ, kò sí ilẹ̀kùn kankan tó máa jẹ́ ọmọ òrukàn mọ́ nílẹ̀ yìí, nítorí gbogbo wọn ti rí bàbá. Omi bọ́ lójú akọ̀wé. Mo rò pé orúnkún ló ń dùn ún.

Lẹ́yìn náà, Òpó na ọwọ́ sókè, wọ́n sì fi ibi tí ìka rẹ̀ dé ṣe àjà. Ó wá gbé ìgbésẹ̀ díẹ̀ lọ síwájú, ó gbé díẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà tẹ̀ lé e. Ó ní, "Kíláàsì nìyẹn."

Ọmọbìnrin ayàwòrán-ilé ní, "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ogójì ọmọ ló máa jókòó níbẹ̀."

"Ọmọ kékeré ni wọ́n. Òkè ni ọmọ máa ń dàgbà sí, kì í dàgbà sí ẹ̀gbẹ́."

"Tíṣà náà ńkọ́, sà?"

"Ẹ jẹ́ ká dán an wò," Òpó dáhùn. Ó ní kí àwọn òṣìṣẹ́ wọ inú ìlà ṣọ́ọ̀kì náà. Wọ́n sáré wọlé. Wọ́n lóṣòó, wọ́n ká apá, wọ́n fa ikùn wọnú, àwọn kan gbé àwọn kan lé ẹsẹ̀. Òpó bi wọ́n pé, "Ṣé ó rọ̀ yín lọ́rùn?" Kò sí ẹni tó dáhùn, nítorí ẹni tó bá dáhùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mí. Òpó yíjú sí ọmọbìnrin náà, ó ní, "Ṣé o rí i? Kò sí ẹni tó ráhùn." Wọ́n lu àwòrán tuntun lóǹtẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Nítorí pé kíláàsì náà kéré, Òpó rí méjì fi síbi tí ọmọbìnrin náà ti fi ẹyọ kan sí. Ó ránṣẹ́ sí Mínísítà pé òun ti sọ kíláàsì kan di méjì láìfi bíríkì kan kún un. Mínísítà dúpẹ́, kò bèèrè bó ṣe ṣe é.

Ó ku ẹnì kan tó yẹ kí ẹ mọ̀. Òpó ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, Ìyá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyá wọn kú nígbà tí Òpó ṣì ń rákò, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n yìí ló gbé dàgbà. Kíláàsì kìíní ni Ìyá Tíṣà ń kọ́ láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́, abẹ́ páànù tí kò ní ògiri ló sì ti ń kọ́ wọn. Tí òjò bá dé, gbogbo wọn á sá jọ sí igun kan, wọ́n á máa wo ohun tí wọ́n kọ sí bọ́ọ̀dù bó ṣe ń ṣàn lọ. Ó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Ohun tó ń bẹ Ọlọ́run fún ni pé kí òun kọ́ ọmọ nínú yàrá tó ní ògiri mẹ́rin, bó ṣe sáà kan péré, kí òun tó lọ sílé.

Òpó sì ti ṣèlérí fún un. Nínú gbogbo ìlérí tí ọkùnrin yìí ṣe láyé, èyí nìkan ló ti ọkàn rẹ̀ wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹ ṣe ń fi í rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ ìsinmi, ó lọ kí i. Orí àga ló bá a gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, nítorí ẹ̀yìn ń ro obìnrin náà, dókítà sì ti ní kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mọ́ láé.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ilé ẹ̀kọ́ yín ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ́. Mínísítà fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀ wá ṣí i."

"O ṣeun, àbúrò mi. Ọlọ́run á bá mi san án fún ẹ." Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. "Ṣé ilẹ̀kùn rẹ̀ ga? O mọ ẹ̀yìn mi."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ara mi ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Tèmi ti fìlà mi la jọ máa wọlé."

Ẹ̀rín kúrò lójú Ìyá Tíṣà. Ó wo àbúrò rẹ̀ láti fìlà dé bàtà, ìrìn àjò yẹn ò sì gùn. Nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, àwọn ọmọ àdúgbò máa ń fi Òpó ṣe yẹ̀yẹ́, á sunkún wálé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lu gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ṣòfin nílé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ gíga tàbí kíkúrú létí ọmọ náà. Tí wọ́n bá ń lọ sílé ẹ̀kọ́ láàárọ̀, á tẹ orúnkún rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí òjìji àwọn méjèèjì lè dọ́gba nílẹ̀. Nítorí náà, ẹ má bá igbákejì wí jù. Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ ṣe é.

"Ó dáa," ni Ìyá Tíṣà sọ. "Jẹun kó o tó máa lọ."

Wọ́n kọ́lé náà. Ọ̀gá àwọn bíríkìlà wo àwòrán, ó bi ọmọbìnrin ayàwòrán-ilé bóyá ilé ẹyẹlé ni. Ọmọbìnrin náà fi òǹtẹ̀ hàn án, bíríkìlà mí kanlẹ̀, ó po símẹ́ńtì. Nígbà tó parí, Òpó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Òpó wọlé, fìlà rẹ̀ ò kan òkè. Gbogbo wọn tẹ̀ lé e wọlé bí wọ́n ṣe máa ń rìn, kò sí orí ẹnì kan tó kan nǹkan kan. Wọ́n yípo inú yàrá, wọ́n jáde. Igbákejì ní òun kò tíì wọ yàrá tó bá òun lára mu tó báyìí rí láyé òun, mo sì rò pé òótọ́ ló sọ lọ́jọ́ yẹn.

Ọjọ́ ìṣílé dé. Wọ́n ti kó ogójì ọmọ sínú kíláàsì náà láti àárọ̀, bẹ́ǹṣì kan bẹ́ǹṣì, wọ́n há débi pé tí ọ̀kan bá wúkọ́ lọ́tùn-ún, ọ̀kan á ṣubú lósì. Àwọn tó wà níwájú ti fi imú kan bọ́ọ̀dù. Àwọn oníkámẹ́rà lẹ̀ mọ́ ògiri. Òpó dúró sójú kan níwájú wọn, ó ń retí Mínísítà. Ìyá Tíṣà nìkan ni kò wọlé. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn ní òwúrọ̀ yẹn pẹ̀lú aṣọ tuntun, ó fọwọ́ kan òkè rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀ ni òkè náà sì bá dọ́gba. Ó ní kí wọ́n bá òun gbé àga síta. Òpó rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ló ń ṣe.

Mínísítà dé. Ó ga ju igbákejì lọ, ìgbéraga rẹ̀ tún ga jù ú. Ó ń juwọ́ sí àwọn òbí bó ṣe ń bọ̀, ó ń wẹ̀yìn, ó sì fi agbárí gbá òkè ilẹ̀kùn gbàgà. Fìlà rẹ̀ fò lọ. Ó di orí mú, ojú rẹ̀ ń ṣú, àwọn ènìyàn sì ń wò ó, kò lè padà sẹ́yìn. Ó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó sì wọlé báyẹn. Nígbà tó fẹ́ nàró nínú yàrá, fáànù wà lókè rẹ̀ tó ń yí fìrìfìrì. Ó yára tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Mínísítà ṣe dúró níwájú Òpó, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tó ń wò ó láti ìsàlẹ̀.

Kámẹ́rà ń kọ mànà.

Kí ni ẹ rò pé Òpó ṣe? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bó ṣe máa ń rí, ẹ ti mọ̀. Láti ọdún wọ̀nyí, gbogbo ẹni tó bá rí ló ń bẹ̀rẹ̀ fún un, ẹnu rẹ̀ ti mọ ohun tí á sọ láìbi í léèrè. Ó na ọwọ́, ó fi gbá Mínísítà lórí pẹ́pẹ́, ó ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀, dìde, má yọ ara ẹ lẹ́nu. O ní ẹ̀kọ́ ilé."

Mínísítà jáde. Kí ó tó jáde, ó ní láti tún bẹ̀rẹ̀, ìyẹn náà sì bọ́ sínú kámẹ́rà. Níta, ó nàró, ó wo àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n tò síbẹ̀ pẹ̀lú orúnkún títẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, èyí tó burú ju ariwo lọ. "Kí ló ṣe gbogbo yín? Ṣé àrùn ni? Ẹ nàró."

Wọ́n wo Òpó tó ti tẹ̀ lé Mínísítà jáde. Wọ́n wo Mínísítà. Àwọn ènìyàn mọ ibi tí agbára wà. Wọ́n nàró. Ẹ gbọ́ bí egungun ṣe ń dún, ṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n ń ṣẹ́ igi gbígbẹ. Akọ̀wé ga sókè. Awakọ̀ ga sókè. Igbákejì ní tiẹ̀ ń ga lọ ni, kò tètè dúró. Òpó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ojú títí ọrùn fi ń dùn ún. Ó rí abẹ́ àgbọ̀n igbákejì, ó rí ihò imú rẹ̀, kò mọ̀ pé irun wà nínú ẹ̀. Nígbà tí gbogbo wọn dúró tán, Òpó wà láàárín wọn bí ẹni tó ṣubú sínú kànga.

Ó wá ẹnì kan tó máa sọ fún un pé irọ́ ni. Ó rìn lọ bá Ìyá Tíṣà lórí àga.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé mo kúrú ni?"

Ìyá Tíṣà di apá àga mú, ó dìde. Òun náà ga sókè. Òpó kò rántí ìgbà tó rí i ní ìdúró gbẹ̀yìn.

"O kúrú, ọmọ ìyá mi. O kúrú láti kékeré. Èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n sọ fún ẹ. Ẹkún ẹ ni mi ò fẹ́ gbọ́." Omi lé sí ojú rẹ̀. "Mo ti ṣe ẹ́ ní ibi. Wò ó, ilé tó o kọ́ fún mi, mi ò lè wọ̀ ọ́."

Nínú gbogbo ìtìjú ọjọ́ náà, èyí ló wọ Òpó lára jù.

Àwòrán Mínísítà tó ń bẹ̀rẹ̀ fún Òpó jáde nínú gbogbo ìwé ìròyìn. Kí inki rẹ̀ tó gbẹ, wọ́n ti yọ Òpó kúrò nípò ọ̀gá. Wọ́n ní kó máa lọ síbi ilé ẹ̀kọ́ náà, kó máa dúró ti àwọn bíríkìlà bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Igbákejì ni wọ́n fi jọba ní ọ́fíìsì. Ife Òpó ló fi ń mu omi báyìí, ó kàn ní kí wọ́n ha orúkọ yẹn kúrò.

Àwọn bíríkìlà wó ògiri àárín, kíláàsì méjì padà di ọ̀kan bí ọmọbìnrin ayàwòrán-ilé ṣe yà á níjelòó. Wọ́n gbé ilẹ̀kùn sókè, wọ́n gbé àjà sókè. Òpó ń bá wọn kó bíríkì, kò sí ẹni tó ní kó kó o. Ó ku bọ́ọ̀dù nìkan, ọ̀gá tuntun sì ní òun máa wá fọwọ́ ara òun sọ ibi tó máa wà.

Ó dé pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ kan náà. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni gbogbo wọn ń rìn. Àwọn obìnrin ti padà sínú bàtà gogoro, akọ̀wé ti fi awọ mọ́ bàtà rẹ̀ nísàlẹ̀ títí tó fi ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Ọ̀gá tuntun ti ń sọ ọ́ pé ẹ̀yìn ń dun òun láti máa wo àwọn ènìyàn nísàlẹ̀, wọ́n sì ti gbọ́. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó nàró, ó ní, "Ẹ fi ojú mi wọ̀n ọ́n. Ibi tí ojú àgbàlagbà bá dé ni kí ẹ kan bọ́ọ̀dù mọ́." Wọ́n pàtẹ́wọ́ láti òkè.

"Sà," ni ẹnì kan wí, "ta ló ni bọ́ọ̀dù yìí?"

Ọ̀gá tuntun wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Ta ló ń sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni. Ẹ wo ìsàlẹ̀, sà. Mo kúrú." Òpó kò gbójú kúrò. "Ọwọ́ mi ò lè tó bọ́ọ̀dù yẹn, bẹ́ẹ̀ èmi ju ọmọ kíláàsì kìíní lọ. Ẹ má ṣe ohun tí mo ṣe. Àwọn ọmọ wà níta, ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé wá dúró ti ògiri."

Ọmọbìnrin ayàwòrán-ilé kò dúró gba àṣẹ, ó ti bọ́ síta lọ pe àwọn ọmọ. Ọ̀gá tuntun wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní ilé yìí ti ya wèrè tẹ́lẹ̀, kí wọ́n ṣe é bó ṣe wù wọ́n, àwọn yòókù tó kù láti kọ́, òun ni wọ́n máa fi wọ̀n. Ó bá tirẹ̀ lọ, wọ́n tẹ̀ lé e lórí ọmọ ìka. Mo gbọ́ pé níbòmíràn báyìí, orí tábìlì ni àwọn ọmọ ń gùn kí wọ́n tó lè ka bọ́ọ̀dù.

Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí sáà wọlé, òjò ń rọ̀. Ìyá Tíṣà rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó dúró, ó fọwọ́ sí òkè orí, ọwọ́ rẹ̀ ò kan nǹkan kan. Ó wọlé láìtẹ ẹ̀yìn. Ó rìn láàárín bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ lọ dé ẹ̀yìn yàrá, ó rìn padà wá síwájú, ó tún rìn lọ lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí pé àyè wà. Lẹ́yìn náà, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́, ó sì dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀. Kò ṣàn lọ.

Òpó wà lẹ́nu ọ̀nà, omi ń kán lára rẹ̀.

"Wọlé, ọmọ ìyá mi," Ìyá Tíṣà wí. "Má dúró sínú òjò. Wá ibi kan jókòó."

Òpó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní, wọ́n sún fún un. Ó fẹ́ wá àpótí tí á gbé ẹsẹ̀ lé gẹ́gẹ́ bó ṣe mọ́ ọn lára. Ó wo ìsàlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti kan ilẹ̀.